Ojú Kan Tó Kù Lára Ògiri

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò mu ọtí lọ́jọ́ náà, n kò sì lá àlá. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pè mí ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú bọ́ọ̀sì. Orúkọ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, àwọn tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run, nìkan ni n kò ní dá. Ó wà láàárín igbó lórí òkè Fruška Gora, kò sì jìnnà sí ìlú Karlovci. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Jagoda ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa mú àwọn èèyàn láti Belgrade lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ àti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. A ó lọ láàárọ̀, a ó dé nírọ̀lẹ́. Iwájú bọ́ọ̀sì ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ ohun tó dùn létí. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Òótọ́ ni mo máa ń sọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í dágbére fún mi tá a bá ti dé.

Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Òjò ń ṣẹ́ wẹẹrẹ. Ọkùnrin kan wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Tihomir, ó ti lé lógójì ọdún, ojú rẹ̀ le koko. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, Rosanda lorúkọ rẹ̀, ó wé ìborí búlúù. Ojú ìyá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Dókítà ti ní kí wọ́n má wulẹ̀ padà wá mọ́. Kí òkùnkùn tó bo gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ dé iwájú àwòrán Petka Mímọ́ ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà, torí òun làwọn èèyàn wa ń bẹ̀ nítorí ojú. Tihomir sọ èyí fún mi nígbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo fọ́ ìyá rẹ̀ lójú.

A ò tíì jáde nílùú tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fà á.

"Ẹ dín ohùn yín kù jàre! Ìyá mi ń sùn."

Mo dín in kù. Kò pẹ́ tó tún kígbe:

"A ò gbọ́ yín lẹ́yìn níbí o!"

Mo bu ètè jẹ, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà kéré, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Òórùn ìda àti tùràrí gba gbogbo ibẹ̀. Petka Mímọ́ wà lára ògiri lápá ọ̀tún. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n kùn ún sí, ojú rẹ̀ sì bá ojú èèyàn tó bá dúró mu. Ojú òsì rẹ̀ kò sí mọ́. Ihò funfun ló wà níbẹ̀. Ojú ọ̀tún ló kù. Ó tóbi, ó dúdú, ó là kalẹ̀.

"Àwọn Tọ́kì ló yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń jọba lé wa lórí," Tihomir wí, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Rárá," mo ní. "Àwa náà ni. Àwọn ìyá ìyá wa ló ń fi ọ̀bẹ ha á. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi fọ ojú tó ń dùn wọ́n."

Ariwo sọ.

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ó ní ìyá ìyá mi ló fọ́ ojú ẹni mímọ́!"

"Mi ò dárúkọ ìyá ìyá yín o."

"Tọ́kì ló rán an níṣẹ́," obìnrin kan wí lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dára.

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n lọ kàwé. Ẹnì kan ní kí èmi lọ dáná. Láàárín ariwo yẹn, mo gbọ́ tí Ìyá Rosanda béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé ó wò wọ́n sàn?" Ìjà la gbájú mọ́.

Nígbà náà la gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí eku bá ń họ pákó.

Gbogbo wa yíjú síbẹ̀. Ìyá Rosanda ti dúró ti ògiri. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ha ìkángun ojú ọ̀tún náà díẹ̀, ohun funfun sì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó fi í sẹ́nu. Ó fi itọ́ pò ó. Ó fi pa ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ìyá Teoktista, tó jẹ́ olórí ibẹ̀, gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kò pariwo.

"Ẹ jáde."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Tihomir wí, "àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀…"

"Mo ní kẹ́ ẹ jáde. Gbogbo yín." Ó wá kọjú sí Ìyá Rosanda. "Ohun tẹ́ ẹ mú yẹn, kì í ṣe tiyín."

A jáde sínú òjò. A wọ bọ́ọ̀sì, a lọ sí Karlovci. Níbẹ̀, àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ kéèkì, wọ́n lọ mu wáìnì ìlú náà. Ìyá Rosanda kò dìde. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Èmi náà dúró, torí mo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí.

"Tiho," ìyá náà wí. "Mo ń ríran."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sáàárín àga. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kí n má purọ́, omi bọ́ lójú èmi náà, mo gbàgbé pé mo kórìíra rẹ̀.

"Mama, àwọ̀ wo ni ṣẹ́ẹ̀tì mi?"

Ìyá náà fọwọ́ wá orí rẹ̀.

"Mi ò rí ẹ. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn ni mò ń rí. Ó ń gbálẹ̀. Ó ń ṣa ìdí àbẹ́là. Òmíràn wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sanra, ó gbé gárawá dání."

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ ló kọjú sí.

Mo ní nọ́ńbà Ìyá Teoktista. Mo pè é. Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

"Kí lo tún fẹ́, Jagoda?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì báyìí?"

"Èmi ni. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn rẹ ni mò ń gbá. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Gárawá ti bọ́," Ìyá Rosanda wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nínú fóònù, mo gbọ́ gbàá. Irin bá òkúta. Omi dà. Ìyá Teoktista ń bá ẹnì kan wí. Mo pa fóònù náà.

Tihomir wò mí. Mo rò pé ẹ̀rù ni mo máa rí lójú rẹ̀. Ìkórìíra ni.

"Ẹnu yín yẹn ló fà á."

"Kọ́kọ́rọ́ ta ni?" mo bi í.

Nírọ̀lẹ́, bá a ṣe ń wọ Belgrade, ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ajẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn ti ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ti ṣú." Iná ìlú ń tàn yanran sí i lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tihomir wọ bọ́ọ̀sì láìsí ìyá rẹ̀, tó fi sílẹ̀ nílé. Kò kí mi. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú Petka ló lọ tààrà, ó gbé fóònù sétí. Ohùn ìyá rẹ̀ ròkè, bí ohùn àwọn àgbà tí kò gbà pé fóònù ń gbọ́.

"Mama, ṣẹ́ ẹ ń rí mi?"

"Mo rí ẹ. O ò fá irùngbọ̀n. Tiho, o ti hu ewú. Ìgbà wo lo hu ewú? Sún mọ́ mi."

Ó sún mọ́ ọn títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ara ògiri náà dáadáa. Ọ̀dà ni. Ipa kọ́kọ́rọ́ wà ní ìkángun rẹ̀. Kò mira.

Bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀ ní gbogbo Sátidé. Ìwà rẹ̀ sí mi kò yí padà.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn, ẹ ń dí i lójú."

Màá sì kúrò. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Nígbà tó yá, Ìyá Teoktista kíyè sí i. Ní Sátidé kan, a dé ibẹ̀, a bá aṣọ dúdú tó nípọn lójú Petka, wọ́n ti fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ti Tihomir síta, wọ́n sì ti géètì mọ́ ọn. Ó di irin géètì náà mú, ó ń mì ín.

"Ìyá mi ni!"

"Ẹni mímọ́ ni," Ìyá Teoktista dá a lóhùn. "Kì í ṣe fèrèsé ilé yín. Bẹ́ ẹ bá tún wá, ọlọ́pàá ni màá pè."

Ìgbà òtútù dé, ìrìn àjò wa dáwọ́ dúró. Mo rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kan, Tihomir pè mí. N kò kọ́kọ́ dá ohùn rẹ̀ mọ̀, torí kò sí ìjà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Jagoda, ẹ má bínú. Kò jẹun mọ́. Ó ní wọ́n da àpò bo òun lórí. Ó ní aṣọ yẹn ń dí òun ní èémí."

"Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Dókítà ní kò sí nǹkan kan. Mi ò lè fi í sílẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí n wọlé. Ẹ̀yin, wọ́n mọ̀ yín. Ẹ ṣáà bá mi ká aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Kó rí èèyàn kan ṣoṣo, kó tó kú."

Mo ní rárá. Mo pa fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mo rántí ewú tó rí lórí ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ.

Ọ̀sán ni. Yìnyín bo gbogbo òkè náà, kò sì sí ìró kankan, kò sí ti ẹyẹ. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wà nídìí oúnjẹ. Mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹ̀wà látọ̀dọ̀ wọn. Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Òtútù inú rẹ̀ ju ti ìta lọ. Mo tan àbẹ́là kan, mo gbé e sínú iyanrìn níwájú ògiri. Mo pe Tihomir.

"Mo ti débẹ̀," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọlọ́run á ṣàánú yín. Ẹ ká a. Ẹ ká a."

Mo fi ọwọ́ tu ìṣó ìsàlẹ̀. Mo ká aṣọ náà sókè.

Ojú náà ti di.

Mo tún wò ó. Ìpéǹpéjú ló wà níbi tí ojú dúdú ńlá náà wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ ni. Ibi tí ògiri ti sán gba orí ìpéǹpéjú náà kọjá, eruku àtọdúnmọ́dún sì wà nínú rẹ̀. Àfi bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kùn ún látìbẹ̀rẹ̀. Ipa kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò kúrò ní ìkángun rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

"Tihomir," mo ní. "Kí ni Mama ń ṣe báyìí?"

"Ó ń sùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n jí i."

"Ẹ má jí i."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ tèmi rí, kò sì gbọ́ tèmi lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. "Mama. Mama, ẹ jí. Wọ́n ti ká a."

Lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ já bọ́ láti ara ògiri, ó bà lé ọwọ́ mi.

Mo yí padà kíá. Mo kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn, mo ṣì fi di aṣọ náà mú sókè, torí mo ti ṣèlérí. N kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi. Àbẹ́là ń jó. Òjìji mi wà lára ilẹ̀kùn, kò mira.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyá náà nínú fóònù. Oorun kò tíì dá tán nínú rẹ̀.

"Tiho, kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí tó fi kọ ẹ̀yìn sí mi?"