Kókó Tó Wà Láyà Káfíńtà

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ta-ló-tó-bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Bó bá ti kúrò nídìí pákó, ilé ọtí ló ń yà sí. Ó ti rẹ ìyàwó rẹ̀. Ó ti rẹ òun náà, kò kàn fẹ́ gbà ni.

Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lábẹ́ orí ọmú òsì rẹ̀. Ó le gbagidi, kò sì dùn ún. Ó ní pákó ló gbá òun láyà, ló bá gbàgbé rẹ̀.

Kókó náà kò gbàgbé rẹ̀. Ó ń tóbi sí i, orí ọmú náà sì wọnú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń fọṣọ, ó rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lára síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wo àyà yín."

"Dókítà ọmú? Èmi? Ṣé abiyamọ ni mo jọ lójú ẹ?"

Gbogbo ilé ọtí ló rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rín náà kò dé inú tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ọtí ló sì ń fi lé ẹ̀rù náà.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń bá a kun àga àti bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti jọ mutí rí, kí ọ̀rẹ́ náà tó gba Jésù. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sílé oníbàárà, apá òsì káfíńtà kọ̀ṣẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù já lulẹ̀, òun náà ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì í mú lábíyá láti gbé e dìde, ọwọ́ rẹ̀ sì kan kókó mìíràn níbẹ̀.

Káfíńtà yára fa apá rẹ̀ gbà.

"Ó ti sú mi láti máa wò ọ́ bó o ṣe ń pa ara ẹ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ò ń sá fún dókítà, ò ń sá fún Ọlọ́run. Kò tíì rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Ọlọ́run, pẹ̀lú gbogbo ìwà tí mo ti hù?"

"Jésù mọ gbogbo ẹ̀ kó tó kú fún ọ. Ṣé o ti gbàgbé bí èmi náà ṣe rí nígbà tó gbà mí ni? Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ní ọsibítù, àárín àwọn obìnrin ló jókòó sí. Nọ́ọ̀sì pè é ní "ìyáàfin" kó tó gbójú sókè, ó sì tọrọ àforíjì. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbà kan kàn sún fún un ni.

"Ọkùnrin náà lọ́yàn, bó ti wù kó kéré tó," ni dókítà wí. "Ọ̀pọ̀ kókó ọyàn ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. A ó gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò."

Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ìbá sàn ká ní ó tètè wá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ṣì wà.

Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dorí kodò. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Agídí kò gbà mí, ọtí kò gbà mí. Ó ti rẹ̀ mí. Gbà mí o." Ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó délé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ti rẹ obìnrin náà. Ó kàn gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Oògùn tí wọ́n fún un tán an lókun. Títí dòní, apá òsì rẹ̀ kò lè gbé pákó, dókítà sì ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kò yà sílé ọtí mọ́, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀.

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin? Ṣé kókó kan wà lọ́yàn tàbí lábíyá rẹ tí kò lọ? Ṣé awọ ibẹ̀ ń sunkì, ṣé orí ọmú ń wọnú, àbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀? Má dúró dìgbà tó bá dùn ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, lọ bá dókítà.

Bíi kókó yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í tètè dunni. Ṣùgbọ́n ti Jésù kò gba kó o dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́. Má sọ pé o fẹ́ tún ara ṣe ná. Bó ṣe rẹ̀ ọ́ yẹn, níbi tó o jókòó sí yẹn, ké pè é nísinsìnyí.