Àpá Iná Kan Náà

Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti obìnrin kan kọ́kọ́ pàdé, ọkùnrin náà di igi tó kán wẹ́wẹ́ sínú áńkáṣíìfù wá bá a. Igi ọ̀hún kò ju pẹ́ńsùlù lọ, irú èyí tí wọ́n ń fi irin oníhò yọ nínú igi ńlá kí wọ́n lè ka ìlà inú rẹ̀: ìlà kan, ọdún kan.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Bàbá mi ò tíì gbọ́."

Bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí igi. Obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Onígọ́ọ̀mù sì ni alátùn-únṣe, ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù so igi tó bá kán pọ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ má mí lé e, á fò lọ."

Kò mí lé e. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ, gọ́ọ̀mù tí kì í lò ju wákàtí mẹ́fà lọ. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ọ̀gá gbà láti lọ bá àwọn òbí Onígọ́ọ̀mù tọrọ rẹ̀ ní Sátidé.

Ní Ọjọ́rú, Ọ̀gá gbé igi tirẹ̀ wá, èyí tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ti ya fọ́tò mẹ́fà pẹ̀lú igi náà. Nínú márùn-ún, èjìká Ọ̀gá ló bo igi. Irinwó ọdún, ó ní. Fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ nígbà tó kán, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ní báyìí gọ́ọ̀mù ti ń ṣí, bẹ́ẹ̀ lọ́la ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá wò ó.

Onígọ́ọ̀mù fi ooru omi tú u sí ègé-ègé. Àpá iná wà lára ègé kejì, ìlà tínínrín márùn-ún tẹ̀ lé e. Ègé karùn-ún náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá ti da ègé tí wọ́n yọ lápá ọ̀tún igi pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n yọ lápá òsì, ó sì ka àwọn ọdún kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọmọ Ọ̀gá wá wò ó.

"Ààyò mi, lẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà," ni olólùfẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Tí Bàbá bá bínú, kò ní wá ní Sátidé. Ìyá rẹ sì ti sọ pé láìsí bàbá ọkọ, òun ò fọmọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀."

"Ta ló máa mọ̀ sí i?"

"Ìwọ. Lọ́jọ́ tí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ, o ò ní mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù ni mo tún fi lẹ̀ ẹ́."

Bàtà Ọ̀gá ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Onígọ́ọ̀mù, igi mi ńkọ́?"

Obìnrin náà la ẹnu, àmọ́ ọmọ Ọ̀gá ti gbé ègé méjèèjì sábẹ́ iná tábìlì.

"Bàbá, ẹ wo àpá yìí. Ẹ wo èyí náà. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Igi yín ò ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé mẹ́wàá lọ."

Ọ̀gá wò ó títí. Ó tún tàì rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé tàì ló ṣì í kà. Ó jáde.

Ní Sátidé, nílé àwọn òbí Onígọ́ọ̀mù, aago mẹ́rin tí wọ́n dá kọjá. Aago márùn-ún lù. Ìyá Onígọ́ọ̀mù ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà lójú. Onígọ́ọ̀mù jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ilẹ̀kùn dún. Ọ̀gá wọlé, tàì rẹ̀ tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ kú ilé o," ni ó wí fún àwọn òbí. "Àádọ́rùn-ún ọdún ni ọmọ yín gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n mú òun fúnra rẹ̀ lọ fún ọmọ mi dípò."