Ọkàn Tó Nípọn Láìjẹ́ Pé Iṣẹ́ Ló Mú Un Nípọn

Ní ìlú Mokpo létí òkun, Dókítà Tak Myong-su ni ọ̀gá àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn. Ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ mú jù ú lọ. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Níbẹ̀, ọmọ abẹ́ kì í já ọ̀gá níyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Lọ́jọ́ kan, Bong-nim, onígbàgbọ́ tí ń bá a di ẹ̀rọ mú, fi àwòrán ọkàn ìyá arúgbó kan tí ń kó ewé òkun hàn án. Ẹran ọkàn náà nípọn.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ tún un wò. Ó nípọn, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ tí ẹ̀rọ yà sórí bébà kéré bíi ti ẹyẹ. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fi iṣẹ́ àṣejù mú nípọn, kíkankíkan ló ń lù, kì í ṣe báyìí. Nǹkan kan ló ń rọ́ sínú ẹran yẹn."

Tak lu tábìlì gbàà! "Wòlíì obìnrin! Ṣé ìwọ ló kọ́ mi níṣẹ́ ni? Gba ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ!"

Bong-nim panu mọ́, ó kọ ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fún ìyá. Ara rẹ̀ kò gbà á; ó ṣubú létí òkun, kò dìde mọ́.

"Ṣé arúgbó kì í kú ni?" ni Tak wí.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò pé ọdún kan, ẹsẹ̀ Tak wú, kò lè mí délẹ̀ mọ́. Bong-nim gbé ẹ̀rọ lé e láyà. Ọkàn náà nípọn, ó ń dán bí yìnyín. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ń fà dáadáa, ìdí rẹ̀ ti le gbandi. Tak mọ àwòrán náà. Ti ìyá eléwé òkun ni.

"Kọ ẹ̀jẹ̀ ríru!" ló kígbe.

"Mi ò kọ!" Bong-nim ju kálámù sílẹ̀. "Mo panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìyá oníyàá kú. Irọ́ ni, ọ̀gá! Ìdọ̀tí ló kún ọkàn yín. A ó wá oògùn sí èyí tí ẹ̀rọ rí. Èyí tí Jésù rí ńkọ́?"

Tak bú sẹ́kún. "Èmi ni mo pa á."

"Ẹ sọ ọ́ fún Ẹni tí ń dárí jini."

Lórí ibùsùn àyẹ̀wò yẹn ló ti kígbe pe Olúwa, a sì gbà á là. Ó lọ fi iwájú orí kanlẹ̀ níwájú ọmọ tí ìyá eléwé òkun náà bí. Ọmọ náà kẹ̀yìn sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o ní ìyà ló sọ ọkàn rẹ di líle, àbí ọkọ, àbí aládùúgbò. Irọ́! Kí ló ń rọ́ sínú rẹ̀? Yéé fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórúkọ tó dùn. Jésù ń wò ọ́ báyìí. Níbi tí o jókòó sí, wí fún un lónìí: "Òótọ́ ni ohun tí o rí, Olúwa. Wẹ̀ mí." Má sọ pé ó di ọ̀la. Ìyá eléwé òkun náà ní ọ̀la lọ́kàn.