Ìbídùn Lórí Òkè Northcliff

Ìkùukùu àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò lára òkè Northcliff ní ìlú Jóbọ̀g nígbà tí Láolú kọ́kọ́ rí i. Láolú jókòó sẹ́bàá títì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì, ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, èémí rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Òkè náà ga débi pé mọ́tò gan-an máa ń kérora kó tó gùn ún tán.

Orin ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnì kan ń kọrin ìyìn ní Yorùbá láti ìsàlẹ̀, ohùn náà ń bọ̀ wá sókè, kò gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò já. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan yọ lójú kọ́nà lórí kẹ̀kẹ́ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí láìkánjú, òdòdó jakaránda tó já bọ́ sórí ọ̀dà sì ń fò sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ taya rẹ̀. Láolú tó ń kàwé ẹ̀rọ, tó mọ ìyà tí òkè fi ń jẹ ohun gbogbo tó bá ń gùn ún, la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé tó rí òṣùmàrè.

"Háà, Ọlọ́run mi!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Orin náà dá. Ọmọbìnrin náà yí orí padà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lẹ̀yin?"

Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ṣéènì náà, ó mi orí. "Ẹ̀ ń fipá mú kẹ̀kẹ́ yìí ni. Jíà tó le lẹ fi ń gòkè. Ohun tí ẹ bá fipá mú, á já mọ́ yín lọ́wọ́." Ó tún un ṣe wéré, ó nu ọwọ́ mọ́ koríko, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Orúkọ mi ni Ìbídùn. Ó dàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ṣéènì."

Ó bá tirẹ̀ lọ sínú ìmọ́lẹ̀. Láolú jókòó síbẹ̀ títí tí oòrùn fi mú un lórí.

Kò ṣòro láti tún rí i. Fásitì kan náà ní Auckland Park ni wọ́n wà. Ìbídùn ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú iṣan àti eegun, Láolú sì wá láti Iléṣà láti gba oyè kejì, ó ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Olúbùnmi, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Joubert Park. Ìbídùn ló fà á wọ inú ikọ̀ tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje fún fásitì náà. Damaris ni olórí ikọ̀, obìnrin gíga tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Sizwe, ọmọ Zulu, ni ẹnì kẹta.

"Eish," ni Damaris wí bó ṣe wo Láolú láti òkè délẹ̀. "Ibo lo ti rí eléyìí?"

"Ẹ̀bá títì," ni Ìbídùn dáhùn.

Wọ́n kọ́ Láolú. Wọ́n kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sá fún afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú, tí taya fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan taya, tí ẹnì kan á gba ìjì fún àwọn yòókù, tó bá sì rẹ̀ ẹ́, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó rí i pé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ti di ẹ̀dá kan ṣoṣo tó ń mí, tó ń fò lórí ilẹ̀. Wọ́n dúró ní robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, nígbà tó pọ́n. Ìbídùn wo ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí omi wà lójú ẹ?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ ni mò ń pa," ni Láolú wí. "Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà láyé. Mi ò sì mọ̀ pé irú ẹ wà."

Iná di aláwọ̀ ewé. Àwọn taxi tó wà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè, síbẹ̀ Ìbídùn kò tíì gbéra.

Ọ̀rọ̀ wọn gbilẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí Láolú sọ pé òun fẹ́ wá kí bàbá rẹ̀, ojú Ìbídùn ṣú. Ó sọ ìtàn Jesse fún un. Jesse ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, òun ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ kan gbá a pa lórí kẹ̀kẹ́ ní títì tí kò jìnnà sílé wọn ní Jeppestown. Láti ọjọ́ náà, Alàgbà Olúdáre, bàbá wọn, ti ní òun kò fẹ́ fojú kan kẹ̀kẹ́ mọ́. Tó bá rí ẹni tó ń gùn ún bọ̀ ní títì, á yí ẹ̀yìn padà. Ìbídùn kó lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jọ jẹun, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ kẹ̀kẹ́.

"Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀?" ni Láolú béèrè.

"Orí ẹ̀ nìkan ni mo ti ń rántí bí Jesse ṣe ń rẹ́rìn-ín. Níbòmíràn, bó ṣe kú ni mò ń rántí."

Láolú kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, òun nìkan lọ sí Jeppestown. Ó bá Alàgbà Olúdáre ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń rán awọ mọ́ àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Láolú lorúkọ mi. Ìbídùn ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́."

Bàbá náà wò ó. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Iléṣà, sà."

Ojú bàbá tú ká díẹ̀. "Ará ilé mi. Níbo lẹ ti pàdé?"

Láolú ì bá purọ́. Kò purọ́. "Orí kẹ̀kẹ́ ni, sà. Èmi náà ń gùn ún."

Bàbá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ọmọ, mo ti sin ẹnì kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ bẹ Ọlọ́run nítorí ẹnì kejì. O wá fẹ́ kí n fi ẹnì kẹta kún un. Máa lọ ní àlàáfíà."

"Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ gbà lónìí. Ọjọ́ Sátidé la máa díje, orí òkè Northcliff la máa parí ẹ̀ sí. Ẹ wá wo ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan péré."

Bàbá ti kọjú sí ògiri. Láolú kí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó jáde.

Nígbà tí Ìbídùn gbọ́, inú bí i gidigidi. "Ta ló rán ẹ? Tí kò bá wá, á jẹ́ pé o ti fọwọ́ kan egbò lásán!" Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí di àárọ̀ Sátidé. Lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ kedere, tí òtútù oṣù Karùn-ún ń já wọn létí, ó wá síwájú Láolú, ó bá a fa okùn akoto orí rẹ̀ le.

"Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Má ṣubú."

Òfin ìdíje náà kò le láti mọ̀: ẹni mẹ́rin ló ń jáde, ìgbà tí ẹnì kẹta nínú ikọ̀ bá dé ni wọ́n ń kà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fò jáde. Koríko gbígbẹ aláwọ̀ wúrà ń sáré kọjá lọ́tùn-ún lósì, ìlú Jóbọ̀g sì ń yọ lókèèrè pẹ̀lú àwọn ilé gíga rẹ̀. Damaris ń gba ìjì fún wọn bí ògiri. Àfi bí taya rẹ̀ ṣe bẹ́ gbàù! Ó dúró ṣinṣin, kò ṣubú. "Ẹ máa lọ!" ló ń pariwo. "Ẹ máà dúró!"

Ó wá ku mẹ́ta, bí Láolú bá sì kù sẹ́yìn, gbogbo wọn ló kù sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n débi tí òkè ti ga jù, ẹsẹ̀ Láolú kọ̀. Ó rí Sizwe tó ń lọ níwájú, ojú Láolú fúnra rẹ̀ sì ń ṣú. Lójijì ni nǹkan kan gbá a mú láàárín ẹ̀yìn. Ọwọ́ ni. Ìbídùn ti padà wá bá a. Ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mú, ó fi èkejì ti Láolú, ó sì ń gbé àwọn méjèèjì gòkè.

"Mí," ló ń wí. "Má ṣe nǹkan míì. Kàn máa mí."

Láolú mí. Ọwọ́ náà kéré, síbẹ̀ ó dà bíi pé òkè gan-an ló ń rẹlẹ̀ fún un. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí í ba èèyàn níwájú pẹpẹ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí aṣọ funfun. Alàgbà Olúdáre dúró lójú kọ́nà nínú aṣọ àdúrà rẹ̀, láìwọ bàtà, nínú òtútù náà. Kò yí ẹ̀yìn padà. Ojú rẹ̀ là kedere sára ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọjá níwájú rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ lé wọn.

"Àbẹ̀kẹ́! Àbẹ̀kẹ́ mi! Gùn ún! Gùn ún, ọmọ mi!"

Ìbídùn bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn Láolú.

Ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Sizwe ń fò sókè, ó ń pariwo "Shap! Shap!" Láolú ti nà sílẹ̀. Nígbà tí bàbá gúnlẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ìbídùn kúnlẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. Ó gbé e. Ìka méjì ló fi gbé e kúrò nílẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ṣé gbogbo bó ṣe wúwo náà nìyí?" ló béèrè jẹ́jẹ́. "Mo rò pé ohun tó mú ọmọ mi lọ á wúwo jù báyìí lọ."

Ìbídùn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n sunkún Jesse níbẹ̀, àwọn méjèèjì pọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tó yá, bàbá nu ojú, ó kọjú sí Láolú. "Ìwọ. Ọwọ́ ọmọ mi ló gbé ọ dókè."

"Òun ni, sà. Mi ò lè sẹ́ ẹ."

"Tó bá wá di ọjọ́ tó rẹ òun náà ńkọ́?"

Láolú gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó sì dáhùn lórí eékún. "Bàbá, mi ò lè ṣèlérí nípa ọ̀nà, ọwọ́ mi kọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ lẹ máa bá mi."

Bàbá wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìlú tó tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wọn.

"Sọ fún àwọn èèyàn rẹ," ló wí, "kí wọ́n wá rí mi."

Ó yíjú, ó jókòó sórí àpáta kan, kẹ̀kẹ́ pupa náà ní orí itan rẹ̀. Ó fi ìka yí taya iwájú, ó sì ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún.

Láolú fà mọ́ Ìbídùn. "Àbẹ̀kẹ́," ló wí, oríkì rẹ̀ tí kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ nu erùpẹ̀ kúrò ní iwájú orí rẹ̀.

"Àǹtí Olúbùnmi ni kó ṣáájú wọn bọ̀," ló wí. "Kí wọ́n sì tètè wá."