Ọ̀rọ̀ Inú Orin Aláago Mẹ́rin

Orin yẹn ò lọ́rọ̀ nínú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní tẹlifíṣọ̀n. Fèrè lásán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí eré aláago mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń gbé e jáde láti ọgbọ̀n ọdún. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń ká aṣọ gbígbẹ, inú mi ń dùn jẹ́jẹ́ mi, ni mo gbọ́ tí ọmọ-ọmọ mi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Aláròyé là ń pè é, torí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Wọ́n ní èmi ló fi jọ, n ò sì bá wọn jiyàn. Ayọ̀ mi ni ọmọ yẹn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ tí í ṣe ọmọ mi. Bó bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi àti Aláròyé la nilé.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá fetí sí ohun tó ń wí:

Bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀, ọmọ mi, kí wọ́n má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ.
Gba ẹ̀yìn ilé wá, mo ti ń dúró, ó ti pẹ́.

Kì í ṣe orin ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú fèrè wẹ́kú, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lára. Ibi tí fèrè bá ti sinmi, ibẹ̀ lòun náà ti ń mí.

Nígbà tí orin parí tí mo gbójú sókè, n ò rí i mọ́. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹní, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré, èmi tí orúnkún ń dùn. Ẹnu géètì ẹ̀yìn ni mo ti bá a, ó ti fa irin ìdè rẹ̀ dé ìdajì. Ojú irin rélùwéè ló wà lẹ́yìn géètì yẹn, ọkọ̀ tó sì ń kọjá lẹ́yìn aago mẹ́rin kì í dẹ eré fún ẹnikẹ́ni.

"Níbo lò ń lọ?"

"Wọ́n ń pè mí ni."

"Ta ló kọ́ ẹ lórin yẹn?"

Ó wojú mi bí ẹni pé mo ń bá a ṣeré. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn. Aláròyé, tí kì í dákẹ́.

Mo ti mọ ẹni tí màá fura sí. Baba Onífèrè, ayálégbé ìsàlẹ̀, òun gan-an ló fọn fèrè inú orin náà. Mo mọ̀, torí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé e jáde ni mo ti ń nulẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó ń dá gbé, tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní bisikíìtì. Mo ti géètì pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà mi. Bí ọmọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

"Baba, kí lẹ ń kọ́ ọmọ mi?"

"Èmi kẹ̀? N ò kọ́ ọ ní nǹkan kan o."

Mo ka ọ̀rọ̀ orin náà fún un. Ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde lọ ti fèrèsé.

"Ẹ rọra sọ ọ́," ó ní. "Ìyàwó mi ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ wa kan ṣoṣo nígbà yẹn, òun ló fi ń pè. Lọ́jọ́ tá a gba orin náà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ ibi tí màá ti máa mí. Ó ní etí mìíràn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dáná sun ìwé tó kọ ọ́ sí. Ọdún yẹn náà lòun náà kú."

"Lẹ bá wá kọ́ Aláròyé."

"Ìyá, ẹni mẹ́ta ló wà nínú sitúdíò yẹn. Èmi, òun, àti ẹ̀yin."

Òótọ́ ni. Omi dà sílẹ̀, mo wà lábẹ́ dùùrù tí mò ń nù ún nígbà tí iná pupa tàn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ibi tí iná pupa bá ká ẹ mọ́, ibẹ̀ ni wàá jókòó sí. O ò gbọdọ̀ húkọ́, o ò gbọdọ̀ mira. N ò mira lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn ń kọrin, ó dùn mọ́ mi débi pé mò ń bá a ṣí ẹnu, láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí n kì í rántí ibi tí mo fi gíláàsì ojú mi sí, ṣé ọ̀rọ̀ orin ọgbọ̀n ọdún ni n ó wá rántí?

Lọ́jọ́ kejì mo gbé Aláròyé sórí itan. Mo rọra bi í léèrè.

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá àgbà," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá ti sùn lórí àga lọ́sàn-án. Ojú yín á dì, ẹnu yín á máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn yín."

Mo mú ojú ìfura kúrò lára Baba, mo gbé e sára èmi fúnra mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá rẹ̀, kó má padà wá títí n ó fi mọ ohun tó ń gbé inú ẹnu mi. Ọmọ ń juwọ́ láti inú mọ́tò, èmi náà ń juwọ́, mò ń fi ẹ̀rín bo ojú mi.

Mo wá ránṣẹ́ pe Baba Onífèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta.

"Ẹ jókòó tì mí. Mo fẹ́ sùn. Bó bá dé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Bí n ò bá mọ ohun tí n ó sọ ńkọ́?"

"Ìyàwó yín ni. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè wá ọ̀rọ̀ tì."

Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, eré aláago mẹ́rin ti parí. Ilẹ̀ ni Baba jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú.

"Ó wá?"

"Ó wá."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló ń pè, kó fi sílẹ̀, ṣebí tiwa ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀."

"Kí ló wá fi fèsì?"

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ó ní, 'Ọmọ wa ò sí lọ́dọ̀ mi. Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ló wà ni?'"