Ẹni Tí Hikmat Kọ́kọ́ Mú

Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lórí gbogbo wọn. Mọ́ṣúdù tó jù ú ti dijú kó tó jù ú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì forí lé ọ̀nà tí àwọn ọlọ́kadà máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí etíkun. Ọkùnrin kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni, káfútáànì rẹ̀ funfun báláú, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì kí yanrìn má baà kó sí i. Kò yẹ̀, kò sì dúró. Ó kàn na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gba bọ́ọ̀lù náà nínú afẹ́fẹ́, ó sì fi eré sí i.

"Ẹ mú un!" Hikmat pariwo.

Ta ni yóò mú un? Ó yẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, ó fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnì kẹta sì dojú bolẹ̀ sínú yanrìn. Nígbà tó dé iwájú Hikmat, ó dúró, ó na bọ́ọ̀lù náà sí i, tòun ti bàtà.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ ni ìbẹ́pẹ yìí?"

Hikmat fẹ́ ṣe bí ọ̀gá, àmọ́ ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. 

Kì í ṣe ìbẹ́pẹ, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sá kọjá ìlà ẹgbẹ́ kejì láti gba àmì. Ní etíkun Badagry, wọn kì í gbá ara wọn mọ́lẹ̀ bí àwọn tó ni ín ṣe ń ṣe. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni oníkálukú máa ń so mọ́ ìbàdí; ẹni tí wọ́n bá ti já tirẹ̀ gbà, eré rẹ̀ parí síbẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló ń ṣe é pọ̀. Hikmat, ọmọ Alhaji Muhyideen tó ń ta aṣọ lẹ́bàá títì márosẹ̀, ni kóòṣì ẹgbẹ́ ìlú Apá. Ẹgbẹ́ Apá ló gbẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Òun náà ló gbẹ́yìn lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá tún gbẹ́yìn, àwọn á tú u ká.

"Ẹ wá bá wa ṣeré," Hikmat ní.

"Nísinsìnyí?"

"Rárá o. Ẹ máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ná. Ọjọ́ ìṣàyàn ń bọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ náà. Àwọn eléré tuntun á jáde síta, àwọn kóòṣì á jókòó, ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú ẹni tó wù ú, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ á sì mú kẹ́yìn, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí nǹkan fi dìde. Òfin kan sì wà tó le: kóòṣì kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó fẹ́ mú fún ẹnikẹ́ni kí ọjọ́ náà tó pé, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀ ló bèèrè.

Sirajudeen ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe nílùú Badagry, ó sì yani lẹ́nu bí gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ láti ọjọ́ náà ṣe wá jẹ́ ti ará Apá. Á gbé àgbọn tó ti dálu dání fún Hikmat, á jókòó sórí ọkọ̀ àtijọ́ kan, á máa wò ó bó ṣe ń darí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "Àǹtí" fi di "Kóòṣì mi". Nígbà tó yá, ó di "Ìfẹ́ mi", Hikmat kò sì bá a jà.

"Kóòṣì mi, ta lo máa mú?"

"Òfin ò gbà kí n sọ."

"Ṣé ó ga?"

"Sirajudeen, jẹ́ n gbádùn."

"Ṣé ó rẹwà?"

"Ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù," Hikmat ní, ó bu yanrìn dà á lẹ́sẹ̀.

Àwàdà ni Hikmat ń ṣe. Ṣùgbọ́n Sirajudeen gbà pé òun ni yóò mú, ó sì fi ìdùnnú lọ sílé.

Ohun tó ń jẹ Hikmat lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ti wo eré àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù rẹ̀ títí ojú fi ń ta á, ó sì ti rí i pé àwọn ẹgbẹ́ tó ń borí lọ́dọọdún kì í ṣe àwọn tó ń sáré lé ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ibi tí ilé wọn ti ń jò ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Apá ní àwọn tó lè sáré. Ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí wọn ni kò sí.

Ó sì ti rí ẹni náà. Dosi ni, ọmọbìnrin apẹja kan, ará Ègùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán àwọn tuntun wò, Sirajudeen ló ṣáájú nínú eré sísá, Dosi ló gbẹ́yìn, àwọn kan tilẹ̀ rín in. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Hikmat rí i létí òkun níbi tó ti ń ju okùn sí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tí ìgbì ń gbé sókè sódò. Dosi kò ju okùn síbi tí ọkọ̀ wà. Ibi tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá dé ló jù ú sí, okùn náà sì bọ́ sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Hikmat jókòó sórí yanrìn. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá mú Dosi, ẹgbẹ́ Apá lè yè. Bó bá fi Sirajudeen sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó lè pàdánù ọkùnrin kan ṣoṣo tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìṣàyàn, etíkun kún bámúbámú. Sirajudeen wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ẹgbẹ́ Apá, tó ti lọ rán sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà ń juwọ́ bí ọkọ ìyàwó.

"Ẹgbẹ́ Apá ló máa kọ́kọ́ mú," olóòtú kéde. "Kóòṣì, ta lẹ mú?"

Hikmat dìde. Kò lè wo ojú Sirajudeen.

"Dosi," ló sọ.

"Mawu!" Dosi pe Ọlọ́run ní èdè Ègùn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ ìlú Ikoga, tí ìṣàyàn kàn tẹ̀ lé Apá, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán kí wọ́n tó mú Sirajudeen. Ó bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè náà lójú gbogbo èèyàn, ó ká a, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.

Hikmat pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e.

"Lọ bẹ̀ ẹ́," Alhaji Muhyideen sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó rí i pé kò lè jẹun mọ́.

"Bàbá, n kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ún."

Ẹgbẹ́ Apá wá bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Àwọn tó rín Dosi kò rí ẹnu rín mọ́. Mọ́ṣúdù, tí wọn kò jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù mọ́, wá di ẹni tí ń sáré gbà á, àṣé ohun tí Ọlọ́run dá a fún gan-an nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé àṣekágbá, ta ni wọn ì bá sì tún bá níbẹ̀ bí kò ṣe Ikoga, ẹgbẹ́ Sirajudeen.

Ẹ ò rí eré lọ́jọ́ náà! Sirajudeen ń sá bí ẹni tí iná ń lé, bó ti ń gba àmì fún Ikoga ni Dosi ń gbà á padà fún Apá. Nígbà tó ku eré kan ṣoṣo, Ikoga ṣì wà níwájú díẹ̀. Mọ́ṣúdù gbéra, Sirajudeen lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Dosi ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn ìlà Ikoga, síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Sirajudeen rò pé ó ṣì í jù ni, ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ni Mọ́ṣúdù débẹ̀, tó la ọwọ́ méjèèjì, tí bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí i láàyà. Apá gba ife! Àwọn apẹja fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń jó nínú omi.

Sirajudeen gbọn yanrìn ara rẹ̀ nù. Ó lọ kí Dosi, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló wá bá Hikmat.

"Ó dùn mí gan-an ni o," ó ní.

"Mo mọ̀. O ò gbé fóònù."

"Ojú ló ń tì mí. Mo ti rán ẹ̀wù!" Òun fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ká ní o mú mi, ta ni ì bá máa ju bọ́ọ̀lù sí mi?"

"Mọ́ṣúdù."

"Ẹni tó ń dijú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú Hikmat, ìdajì rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹ̀rín.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Sirajudeen. Mo fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ yẹn náà. Àmọ́ ẹgbẹ́ ni mo ń yàn fún. N kò tíì yàn fún ara mi."

"Ìgbà wo lo máa wá yàn fún ara rẹ?"

"Rán àwọn ẹbí rẹ wá bá Bàbá mi."

Wọ́n wá, Alhaji kò sì dá wọn padà. Lọ́jọ́ ìdána, nínú àgbàlá Alhaji, wọ́n to ẹrù sórí tábìlì gígùn kan: iṣu, oyin, àpótí aṣọ, Kùránì sì wà láàárín. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí ìyàwó máa ń mú níbẹ̀.

"Ìyàwó," alága ní, "lọ mú èyí tó wù ọ́ jù lọ."

Hikmat kọjá iṣu. Ó kọjá oyin àti àpótí aṣọ. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ó rìn títí ó fi dé iwájú Sirajudeen, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èyí ni mo kọ́kọ́ mú," ó ní.

Dosi ló kọ́kọ́ hó, kí gbogbo àgbàlá tó gbà á. Alága ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun, Alhaji Muhyideen sì ń rín débi pé fìlà rẹ̀ já bọ́. Hikmat fa ọkọ rẹ̀ dé ìdí tábìlì, àwọn méjèèjì sì jọ gbé Kùránì náà.

Ìgbà tí Sirajudeen tẹríba ni ọrùn bùbá rẹ̀ ṣí díẹ̀. Hikmat yọjú wò ó. Ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè yẹn ló wọ̀ sábẹ́.

"O ṣì ní in?" Hikmat rọra bi í.

"Mo mọ̀ pé ó máa kàn mí lọ́jọ́ kan," Sirajudeen dáhùn.