Ohùn Tó Ń Kí Àlejò

Láyé ìgbà kan, kí ojúewé ayélujára yunifásítì kan tó ṣí tán, ohùn obìnrin kan á ti sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ fara balẹ̀, a ó jọ wá a rí." Ìnísípẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sùúrù kò gbàgbé ohùn yẹn. Ọlọ́pàá kékeré ni nígbà náà, tó ń wá ibi tí òun ti lè kàwé láìfi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ yìí, ó tún gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀gá yìí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi tún ojúewé náà ṣe, kí abiyamọ àti òṣìṣẹ́ lè ti orí fóònù wọn forúkọ sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lónìí, ojúewé tuntun ti pòórá, ògbólógbòó ti padà sípò rẹ̀, ẹnìkan sì ti yí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀ ṣe àtúnṣe. Ọ̀la ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ti àtijọ́ kò sì ṣeé fi fóònù forúkọ sí. Ọ̀gá náà ní bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá wọlé, wọn á ti ẹ̀ka náà pa.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà nàka sí ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán ojúewé, tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lánàá, tó sì bínú jáde. Sùúrù bá a nílé.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Èmi ni àjẹ́ yín, àbí?"

Ojúewé àtijọ́ tó padà yẹn ni Sùúrù ń wò lórí fóònù rẹ̀: ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ọdún yìí wà níbẹ̀, nọ́ńbà ọ́fíìsì tuntun náà wà níbẹ̀. Ọ̀tá kì í gbálẹ̀ fún ni.

Ó padà sí yunifásítì, ó kan ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àgbàlagbà tó ń tọ́jú ojúewé láti ìbẹ̀rẹ̀ ń jókòó sí. Bàbá Ojúewé ni wọ́n ń pè é. Ife méjì wà lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n da ọ̀kan dojú bolẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó fẹ́ ba ojúewé jẹ́ kò ní tún ọjọ́ inú rẹ̀ ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá bi ara mi pé kí ló wà nínú ti àtijọ́ tí kò sí nínú tuntun. Ohùn kan péré ni."

Bàbá wo ife tó dojú bolẹ̀ náà. "Ìyá àwọn ọmọ mi ni. Ó di ọdún kẹta tó ti lọ."

"Ẹ ò ṣe gba ohùn náà sórí fóònù?"

"Ó wà níbẹ̀. Lórí fóònù, òkú ni. Níbí, ó ń kí àlejò. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Sùúrù fa àga, ó jókòó.

"Mo wà lára àlejò tó kí, bàbá. Ó ní kí n fara balẹ̀, mo fara balẹ̀, mo sì kàwé yege. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí ńkọ́? Ṣé òun ló máa tilẹ̀kùn mọ́ wọn?"

Omi bọ́ lójú bàbá. Ó mú fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀:

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Orúkọ ìyàwó mi àti ọjọ́ tó kú ni páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ mọ méjèèjì, ẹ wá síbi ìsìnkú. Ẹ gbé tuntun wọlé. Ẹ bá mi kí àwọn àlejò káàbọ̀."